Ìwé Tó Pẹ́ Dé Kóòtù

Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ìgbà tí ẹjọ́ bá ti wọra ni ìwé tó pẹ́ máa ń yọjú. Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta á ti dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, lọ́yà òdìkejì á ti da ìbéèrè bò wọ́n, adájọ́ á ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ọmọ kan nínú ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú àpótí bàbá tó ti dolóògbé, kó sì rí abala ìwé kan níbẹ̀. Ìwé owó ìṣákọ́lẹ̀ ni, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, ẹni tó san owó tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, akọ̀wé tó bá a kọ ọ́ sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú ẹbí á dùn bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Wọ́n á gbé e tọ lọ́yà lọ, wọ́n á ní kó fi han adájọ́ lọ́la. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kóòtù kò ní kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ìwé náà sọ. Yóò kọ́kọ́ bèèrè ibi tó wà láti ọjọ́ yìí wá, ọjọ́ tí ọwọ́ ẹbí tẹ̀ ẹ́, àti ohun tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ àyè. Èrò mi, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ló ń la ọ̀nà fún ẹ̀rí tó pẹ́, ju bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó lọ. Mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àní fún àwa tí ilẹ̀ wa jìnnà sí ibi tí ìwé ìjọba ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin ń fẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, olùpẹjọ́ lè kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi ìwé tó gbẹ́kẹ̀ lé pamọ́ sábẹ́ aṣọ títí di ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ bá wọ inú àpótí. Olùjẹ́jọ́ náà á fi tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ohun àìròtẹ́lẹ̀ bá jáde, lọ́yà kejì á tọrọ ọjọ́ kó lè lọ wá èsì, ẹjọ́ á sì máa sún síwájú lọ́dọọdún. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ṣíwájú láti yí èyí padà lọ́dún 2004, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní tiwa, ìlànà ẹjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé jáde lọ́dún 2012 fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn sọ pé ọjọ́ tí èèyàn bá ń pẹjọ́ ni kó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: àlàyé ẹ̀sùn rẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fẹ́ sọ tó sì ti búra lé lórí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tó fẹ́ lò. Olùjẹ́jọ́ á ṣe bákan náà nígbà tó bá ń fèsì. Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, níbi tí wọ́n ti máa ń yanjú ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá mú ìwé tuntun dé lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ ń bẹ adájọ́ pé kó tú ètò kan tí ẹnìkejì ti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹnìkejì ti yan ẹlẹ́rìí rẹ̀, ó ti pinnu ohun tí yóò bèèrè àti èyí tí yóò fi sílẹ̀, ó sì ti náwó lórí ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó jẹ́ kí a máa tọrọ àyè nìyẹn, tí a kò kàn gbọ́dọ̀ na ìwé sí akọ̀wé kóòtù.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé gbogbo ẹbí tó fẹ́ pẹjọ́ ló yẹ kó ti kó ìwé rẹ̀ pé kò tíì wá ìwé ilẹ̀ kan ní agbègbè wa rí. Afo, Ìdó-Àní, Ìmẹ́rì, Ìdógùn, títí dé Ìfọ́n tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lónìí, abẹ́ Ọ̀wọ̀ ni ìjọba òyìnbó ti ń ṣàkóso wọn. Lẹ́tà tí D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, kọ nípa ààlà, àkọsílẹ̀ kóòtù ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ìjòyè kọ sí ìjọba, púpọ̀ nínú wọn wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, Ìbàdàn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fìdí sí, torí náà ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1960 tàbí 1970 lè wà ní Ìbàdàn, ó sì lè ti dé Àkúrẹ́. Ẹni tó ń wá a gbọ́dọ̀ mọ irú fáìlì tó yẹ kó bèèrè. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí akọ̀wé òyìnbó fi kọ ìlú rẹ̀ nígbà náà, èyí tó lè yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ ọ́ báyìí. Àgbà tó mọ̀ pé ẹjọ́ kan ti wáyé rí lè ti kú kí ẹjọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹbí lè wá ìwé tọkàntọkàn fún ọdún kan kí wọ́n má rí i, kí ẹnìkan sì ṣèèṣì rí nọ́ńbà fáìlì náà nínú àkọsílẹ̀ mìíràn nígbà tí ẹjọ́ ti dé àárín. Irú pípẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìbìkítà, òfin kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú àìbìkítà wò ó.

Ìdí mìíràn wà tí ìwé fi lágbára púpọ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tiwa. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976 pé ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé ilẹ̀, ṣíṣe ohun tí onílẹ̀ ń ṣe lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí ilẹ̀ náà àti jíjẹ àǹfààní rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó fara mọ́ ọn. Ìtàn ni ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ lé: ta ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ta ló pín in fún ta, odò wo ni ààlà. Ẹbí kejì náà á mú ìtàn tirẹ̀ wá, ìtàn méjèèjì á sì dùn létí. Nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie tó wá láti Gold Coast lọ́dún 1957, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ òyìnbó nígbà náà, la ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwọn adájọ́ wa ṣì ń tọ̀. Wọ́n ní bí ìtàn méjì bá takora, kí adájọ́ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bí ẹlẹ́rìí ṣe dúró tàbí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, nítorí ohun tí àwọn baba ńlá sọ fún un ló ń sọ, ó sì lè gbà á gbọ́ tọkàntọkàn kó sì tún jẹ́ àṣìṣe. Kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé tí ojú ẹni ṣì lè rí, kó sì wo ìtàn tó bá a mu jù. Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí àgbẹ̀ kòkó san fún olórí ẹbí lọ́dún 1958 jẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀. Ó lè gbé ìtàn kan ga, kó sì wó ìkejì lulẹ̀. Agbára yẹn ló jẹ́ kí ẹbí fẹ́ kó wọlé bó ti wù kó pẹ́ tó, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹnìkejì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé níbo lẹ ti rí i, ìgbà wo lẹ sì rí i.

Ilẹ̀kùn kóòtù kì í tì pátápátá kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ń dín kù bí ẹjọ́ ṣe ń lọ síwájú. Bí ìwé bá yọjú kí ìpàdé tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́ tó parí, ohun tó ṣòro níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹnìkejì á gba àyè láti fi ìwé tirẹ̀ dá a lóhùn, owó ìyà tí kóòtù á ní kí a san fún un kò sì ní tó nǹkan. Bí ẹlẹ́rìí wa bá ti jẹ́rìí, tí a kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ tiwa, ó di dandan kí a pe ẹlẹ́rìí náà padà, kí lọ́yà kejì tún bi í ní ìbéèrè. Èyí náà ṣeé gbé. Tí a bá ti sọ fún kóòtù pé a ti parí ọ̀rọ̀ tiwa, ẹ̀bẹ̀ náà ti wúwo. Ibi tó burú jù ni kí a dúró títí olùjẹ́jọ́ yóò fi mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá, tí ó sì parí, tàbí kí àwọn lọ́yà méjèèjì ti kọ àlàyé ìkẹyìn wọn. Nígbà yẹn, ẹnìkejì ti fi ìka tọ́ka sí ihò tó wà nínú ẹjọ́ wa, a sì wá mú ìwé tó dí ihò náà gẹ́lẹ́ dé. Kódà kó jẹ́ òótọ́ pé àná ni a rí i, ojú tí adájọ́ á fi wò ó ti yàtọ̀, kò sì jẹ̀bi. Nínú ẹjọ́ Yunifásítì Èkó àti Aigoro lọ́dún 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé nǹkan tí òfin bá fi sí ìpinnu adájọ́, ohun tó wà nínú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi pinnu rẹ̀. Ẹjọ́ kan kò lè di ọ̀wọ̀n tí a ó so òmíràn mọ́. Lọ́yà tó bá kó ẹjọ́ àtijọ́ mẹ́wàá jọ láti fi tọrọ àyè, tí kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ẹbí oníbàárà rẹ̀, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Inú ìwé ìbúra ni wọ́n ti ń jẹ tàbí pàdánù ẹ̀bẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹ wo irú èyí tó pọ̀ jù ní kóòtù wa. Akọ̀wé ọ́fíìsì lọ́yà ló búra pé lọ́yà sọ fún òun pé oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé kan, pé ìwé náà ṣe pàtàkì sí ẹjọ́ náà, pé ìdájọ́ òdodo ń fẹ́ kí kóòtù gbà á wọlé, àti pé kò ní pa ẹnìkejì lára. Kò sí ọjọ́, kò sí ibi, kò sí orúkọ ẹni tó rí i. Abala 115 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹni tó bá ń búra lórí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà, kó sì sọ ìgbà, ibi àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé ìbúra wọ̀nyí ti kú sí ibi yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ka èyí tó kù. Ká wá ní ọmọbìnrin tó tú àpótí náà fúnra rẹ̀ ló búra. Kó sọ pé lẹ́yìn tí bàbá òun kú ni ìyá òun ti yàrá náà pa, pé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni ẹbí pinnu láti tún òrùlé ilé ní Afo ṣe, pé nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù ni òun rí àpótí bàbá òun lábẹ́ ibùsùn, pé ìwé mẹ́rin wà nínú rẹ̀, kó sì so ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìwé ìbúra náà, títí kan èyí tí kò ṣe wọ́n ní àǹfààní. Kó sọ pé ọjọ́ keje oṣù náà ni àbúrò bàbá òun gbé wọn lọ fún lọ́yà ní Ọ̀wọ̀. Kó sọ ohun tí ẹbí ti ṣe láti wá ìwé kí wọ́n tó pẹjọ́, ta ni wọ́n bi, ibi tí wọ́n dé, ìdí tí yàrá náà kò fi ṣí nígbà náà. Lọ́yà kejì lè jiyàn lórí gbogbo èyí, ó sì lè ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá kí òun bi í ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní ohun tó lè dì mú. Kò ní láti ro pé bóyá òótọ́ ni. Ó lè wò ó.

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ náà yóò béèrè gbọ́dọ̀ pé, torí mo ti rí i pé àyè tí kóòtù fúnni máa ń já sófo nítorí ohun tí lọ́yà gbàgbé láti tọrọ. Bí ìwé tuntun bá sọ ohun tí kò sí nínú àlàyé ẹ̀sùn wa, a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè láti tún àlàyé náà ṣe, torí ẹ̀rí lórí ohun tí a kò kọ síbẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó lágbára tó. A ó tọrọ pé kí ẹlẹ́rìí kọ ọ̀rọ̀ ìbúra mìíràn sí i, kí wọ́n fi ìwé náà kún àwọn tó wà nílẹ̀, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí padà, kí ẹnìkejì sì ní ọjọ́ tó tó láti fèsì. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ó yẹ kí àwa fúnra wa kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Lọ́yà tó ń tọrọ àyè fún oníbàárà rẹ̀ tí kò sì rántí ẹnìkejì ń sọ fún adájọ́ pé òun kò ronú dé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí fi ìlànà ṣáájú òdodo. Wọ́n á ní bí ìwé bá jẹ́ òótọ́, tó sì fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí kan, kí ló kan kóòtù bí ó bá pẹ́? Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abala kan náà ló ní kí ìgbẹ́jọ́ parí láàárín àkókò tó bójú mu, ẹni méjì ni ẹ̀tọ́ náà sì wà fún. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé tó wọlé nígbà tí ẹnìkejì kò lè fèsì sí i mọ́ jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Òótọ́ tó wà nínú ìwé kò sì hàn lójú ìwé. Ìbéèrè lọ́yà kejì, ẹlẹ́rìí tó lè sọ pé òun mọ ọwọ́ akọ̀wé náà, ọmọ àgbẹ̀ tó san ìṣákọ́lẹ̀ tó lè sọ pé bàbá òun mọ̀wé, kì í tẹ ìka, àwọn ni wọ́n ń mú òótọ́ jáde. Ìlànà tó ń dá àyè sí fún wọn ń ṣiṣẹ́ fún òdodo, bí ó tilẹ̀ ń ni ẹni tó mú ìwé wá lára.

Gbogbo Nàìjíríà ló rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè le tó lọ́dún 2023. Alhaji Atiku Abubakar tọrọ àyè lọ́dọ̀ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ láti mú ìwé tó gbà láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Chicago wá, nípa ìwé ẹ̀rí Ààrẹ Bola Tinubu. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ni òṣìṣẹ́ yunifásítì náà jẹ́rìí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò náà ti dá ẹjọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí Adájọ́ John Inyang Okoro ṣáájú kọ ẹ̀bẹ̀ náà. Òfin fún ilé ẹjọ́ ìdìbò ní 180 ọjọ́ péré, ọjọ́ náà ti kọjá, ohun tí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ kò sì lè ṣe mọ́, ti òkè kò lè ṣe é fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi pẹjọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n ní ó yẹ kí kóòtù ti wo ìwé náà. Ẹjọ́ ìdìbò ní òfin tirẹ̀, a kò sì lè gbé 180 ọjọ́ wá sínú ẹjọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì yẹn, pé ohun tí a kò kọ sínú ẹ̀sùn kò lè ní ẹ̀rí, kan gbogbo wa, ó sì kan ẹbí tó ń jà nítorí sarè márùn-ún oko kòkó bó ṣe kan ẹni tó ń du ipò ààrẹ.

Àwọn mìíràn wà ní apá kejì tí wọ́n á ní mo ti la ilẹ̀kùn jù. Wọ́n á ní ìwé tó bá yọjú láàárín ẹjọ́ ilẹ̀, ayédèrú ni, kí kóòtù tì í sẹ́yìn, kó sì parí síbẹ̀. Mo mọ ohun tó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n àyè láti mú ìwé wá kì í ṣe ìwé wíwọlé. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti gba ẹ̀bẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjọba tàbí ti kóòtù gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti ọjọ́, kí a sì ti san owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 104 ṣe wí. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹjọ́ kàn bá kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ tàbí tí ó ti ń bọ̀ kò ní wọlé lábẹ́ abala 83. Ìwé tó bá sì ti tó 20 ọdún, abala 155 jẹ́ kí kóòtù lè gbà pé ìfọwọ́sí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ òótọ́, bí ó bá wá láti ọwọ́ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ìtàn ibi tí wọ́n ti rí ìwé náà, tí a kọ sínú ìwé ìbúra láti tọrọ àyè, ni a tún máa lò láti fi hàn pé ọwọ́ tó yẹ ló ti wá. Àpótí olórí ẹbí tó gba ìṣákọ́lẹ̀ yẹ ní ibi tí a ti lè rí ìwé ìṣákọ́lẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkan tí kò bá ẹbí tan, tó ń ta ìwé ilẹ̀ àtijọ́, kò yẹ. Ẹni tó bá bo ìtàn náà mọ́lẹ̀ torí pé ó ń tì í lójú ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, mi ò gbà pé kí a ti gbogbo ìwé tó pẹ́ sẹ́yìn nítorí ayédèrú. Ìlànà wà láti mú ayédèrú, wọ́n sì lágbára ju ìfura lọ.

Àtakò kan kù tó dùn mí ju méjì àkọ́kọ́ lọ, torí àwa lọ́yà ló kàn. Ẹbí á ní ìwé náà kò pẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ọjọ́ tí àwọn pẹjọ́ ni àwọn gbé e fún lọ́yà, lọ́yà ló gbàgbé rẹ̀ sínú fáìlì. Ṣé ẹbí ni yóò wá pàdánù ilẹ̀? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Bowaje àti Adediwura lọ́dún 1976 pé kò yẹ kí oníbàárà jìyà nítorí àṣìṣe lọ́yà rẹ̀. Ẹjọ́ náà dá lórí àfikún àkókò fún pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n òye tó wà nínú rẹ̀ bá ti wa mu. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í fẹ́ sọ pé àwọn ló ṣe é. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, nígbà tí ẹbí ní ìwé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Irọ́ ni, irọ́ tí a búra lé lórí sì ni. Bí ó bá tú, ìwé lọ, ẹjọ́ náà sì lè tẹ̀ lé e. Lọ́yà tó bá gbà pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, tó fi ọjọ́ tí òun gba ìwé hàn, tó sì gbà láti san owó tí kóòtù bá ní kí a san fún ẹnìkejì láti àpò ara rẹ̀, ti fún adájọ́ ní ìdí tó lè kọ sínú ìpinnu rẹ̀. Ó le láti ṣe. Iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún ni.

Ẹni tó bá rò pé òun á tọrọ àyè ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́ bí ti kóòtù Ọ̀wọ̀ kò bá ṣeé ṣe, kó ka ẹjọ́ Asaboro àti Aruwaji tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá lọ́dún 1974. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí ẹ̀rí tuntun ní: kó jẹ́ pé aápọn tó yẹ kò lè mú un jáde nígbà ìgbẹ́jọ́, kó lè ní ipa pàtàkì lórí ìdájọ́, kó sì jẹ́ ohun tó ṣeé gbà gbọ́. Àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti la irú ọ̀nà kan náà nínú ẹjọ́ Ladd àti Marshall lọ́dún 1954, Adájọ́ Denning tó ṣáájú wọn níbẹ̀ ló sì kọ ìdájọ́ Kojo Kejì àti Bonsie lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ohun àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà ló ń pa ẹ̀bẹ̀ jù. Ìwé ọdún 1936 tó wà ní Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni lè san owó kó sì gba ẹ̀dà rẹ̀, ṣòro láti sọ pé aápọn kò lè mú jáde. Ní kóòtù ìbẹ̀rẹ̀, adájọ́ lè ṣàánú ẹni tó jìnnà sí Ìbàdàn. Ní kóòtù òkè, àánú náà ti tán.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí Òfin Ẹ̀rí kò de ẹjọ́ wọn, wọn kì í sì í béèrè àlàyé ẹ̀sùn gígùn. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ lè gba ìwé lọ́jọ́ tó bá dé. Síbẹ̀, wọ́n á bèèrè ibi tó ti wá, ẹnìkejì á sì béèrè ọjọ́ láti lọ bi àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí tó ní ilẹ̀ ní Afo àti ní gbogbo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpótí àwọn bàbá yín kí ẹ tó lọ bá lọ́yà. Ẹ rán ẹnìkan lọ sí Ìbàdàn, kó bèèrè fáìlì ìlú yín, kó sì kọ ọjọ́ tó lọ àti ìdáhùn tí wọ́n fún un sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ lọ́yà fún gbogbo ohun tí ẹ bá kó fún un. Bí ìwé mìíràn bá sì yọjú lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e tọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó rí i gan-an sì tẹ̀ lé yín lọ búra.